Tòlótòló Ọdún: Kí Ẹni Tí Ó Sè É Náà Lè Jókòó Jẹ Ẹ́

Ní ọjà Ìkòtún, ẹyẹ kan náà ni ó ń jẹ́ orúkọ méjì. Bí ó bá wà láàyè, tí wọ́n fi okùn so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgò, tí ó ń fẹ ìyẹ́ tí ó sì ń kígbe mọ́ àwọn tí ń kọjá, tòlótòló ni. Bí ó bá ti dì gbagidi nínú fírísà, tí wọ́n ti gé e sí apá, itan àti ẹ̀yìn, orúkọ rẹ̀ ti yí padà: tọ́kì ni. N kò tíì gbọ́ kí oníbàárà kan béèrè tòlótòló lọ́wọ́ ẹlẹ́ran fírísà, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nawọ́ sí akọ ẹyẹ tí ń yan kiri kí ó pè é ní tọ́kì. Ohùn tí ẹyẹ náà fi ń ké ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn Haúsá náà gbọ́ ohùn yẹn bí àwa ti gbọ́ ọ, talotalo ni tiwọn. Èyí tí ó ti kú tí ó sì ti dì kò ní ohùn mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi ní láti yá orúkọ lò.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan. Ìpinnu àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó bá fẹ́ gba àlejò púpọ̀ ní Kérésìmesì yóò ṣe nìyẹn, òun ni yóò sì sọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà. Ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, àlejò kì í ṣe ohun tí à ń wá kiri. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo 20 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó; ó ju mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá sì ti dúró ní oríta Ìkòtún rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ kò nílò ìkànìyàn kankan kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀. Ilé kan yóò ní ẹ̀gbọ́n bàbá láti Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ àbúrò ìyá láti Ìbàdàn, ayálégbé mẹ́rin, ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ, àti ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ tí ìtasánsán ẹran dá dúró.

Àwọn tí ó ṣáájú wa náà gba àlejò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì kéré. Ẹni tí ó gún iyán fún àádọ́ta ènìyàn kò ṣeré. Ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó kan tí ó ń dá sè fún òde nínú agbo ilé. Àwọn obìnrin ilé ni ó ń sè é, láti orí ìyálé tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò títí dé orí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé tí ń pọn omi. Àwọn ọkùnrin ni ó ń pa ẹran tí wọ́n sì ń kun ún. Nígbà tí a kó kúrò ní agbo ilé tí a dé inú yàrá àti pálọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, a kó àlejò wá, a kó ìkòkò ńlá wá, a sì fi àwọn ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ agbo ilé wá bọ́ sọ́rùn obìnrin kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ìdààmú ọdún ti wá; kò ti ara tòlótòló wá.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí màmá mi jókòó jẹun ní ọ̀sán Kérésìmesì rí. Ìgbà tí àlejò bá ń dágbére ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ìrẹsì sínú ọmọrí ìkòkò, tí wọn yóò dúró ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí wọn yóò máa jẹ ọrùn tòlótòló nítorí pé òun ni ó ṣẹ́kù. Àwa ọmọ a máa rò pé ọrùn ni wọ́n fẹ́ràn. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé kí wọ́n dín àìsùn àti làálàá kù. Ọdún yẹn ni èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì, pinnu pé a ó gba ilé ìdáná lọ́wọ́ wọn. Ó mú ìjà díẹ̀ wá. “Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di àlejò nínú ilé mi ni?” ni wọ́n bi wá, wọn kò sì fi ṣe àwàdà. Ó gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó yé wọn pé ipò ìyálé ni a ń gbé wọn sí: àwọn ni yóò máa tọ́ ọ wò, àwọn ni yóò máa pàṣẹ, àwa ni a ó ṣe é. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni ètò tí a ti ń lò láti ìgbà náà ní ilé wa ní Ìgàndò, fún èèyàn 24, pẹ̀lú ààrò gáàsì olójú mẹ́ta àti iná mọ̀nàmọ́ná tí ń wá nígbà tí ó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjà. Tọ́kì rọrùn lójú: wọ́n ti pa á, wọ́n ti gé e, kílò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba ọ̀nà tí ó mọ́ wọ̀lú. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka kíkó ẹran ẹyẹ dídì wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń já a sí Kútọnu, ó sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn ọ̀nà ìgbẹ́ wọlé sí wa. Kódà nígbà tí ìjọba ti àwọn ẹnubodè pa láti oṣù Ògún ọdún 2019 títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, ìsapá láti yọ́ ọ wọlé kò tán. Òfin nìkan kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ẹran dídì ní láti wà ní dídì láti ibi tí wọ́n ti pa á títí dé ẹnu ìkòkò. Èyí tí ó bá yọ́ nínú búùtù ọkọ̀ tí wọ́n sì tún mú dì kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ẹ ó rà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀rá tàbí páálí rẹ̀ dáadáa: bí omi ẹ̀jẹ̀ bá ti sun síbẹ̀ tí ó dì bí òkúta, ẹran náà ti yọ́ rí. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n sìn tí wọ́n sì pa ní orílẹ̀-èdè wa. Ó wà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ máa ń ga díẹ̀.

Ààyè ni àwa máa ń rà. Akọ tí ó gbó dáadáa lè wọn kílò 10. Bí a bá pa á, tí a tu ìyẹ́ rẹ̀, tí a sì kó ìfun jáde, nǹkan bíi kílò 7 àbọ̀ ni yóò kù, ìyẹn sì fún èèyàn 24 ní gírámù 300 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tegungun-tegungun. Akọ kan tó. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ìbẹ̀rù kí oúnjẹ má tó ni ó ń sún ọ̀pọ̀ ilé láti ra méjì, kí wọ́n tó mọ̀, iṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì, ẹran sì ń bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ tètè rà á, ní ìparí oṣù Bélú tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, torí bí ọdún bá ti ń sún mọ́ ni owó ń gun òkè. Ojúlùmọ̀ mi kan ní Ìdímù àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń dá àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fún èyí nìkan, wọn kì í sì í mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wo ojú ẹyẹ náà kí ó mọ́. Ẹ wo imú rẹ̀ kí ikun má ṣe dí i. Ẹ fọwọ́ kan egungun àyà: bí ó bá mú bí ọ̀bẹ, ebi ti pa á. Èyí tí ó bá ń tòògbé ní ọ̀sán gangan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, ì báà jẹ́ owó pọ́ọ́kú ni ó pè é. Mo mọ̀ pé ìkìlọ̀ yìí dàbí àṣejù. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2006, orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ní gbogbo Áfíríkà, nínú oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Bí ẹ bá ti mú ẹyẹ dé ilé, àgbàdo àti omi mímọ́ ni kí ẹ máa fún un, ní ibi tí àtẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni a ń so tiwa mọ́. Onílé wa ti sọ pé bí ó bá tún kígbe ní aago márùn-ún ìdájí, àwọn yóò gba ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ bí owó ìtanràn. Wọ́n ń gbà á lọ́dọọdún.

Mo mọ àwòrán tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ti inú sinimá ni: odidi tòlótòló, awọ pupa dídán, lórí àwo pẹrẹsẹ, bàbá ilé mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Bélú, kò fi ìrọ̀rùn jẹ ẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tí ń rí sí ọ̀gbìn ní kí wọ́n fi wákàtí 24 yọ́ nǹkan bíi kílò 2 kọ̀ọ̀kan nínú fíríìjì, ìyẹn ni pé ẹyẹ oníkílò 7 yóò lo ọjọ́ mẹ́ta ó lé kí yìnyín tó kúrò lára rẹ̀. Fíríìjì wo? Iná wo? Bí ó bá sì yọ́ tán, tí ó wọ inú òfúùnù, ẹran àyà a máa tètè jinná ju ti itan lọ. Ìgbà tí itan bá fi máa jinná, àyà ti gbẹ. Gígé ni ó ń yanjú gbogbo rẹ̀, àwọn ìyá wa sì ti ń gé e kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wo sinimá òyìnbó.

Ọjọ́ 21 ni iṣẹ́ tiwa ń bẹ̀rẹ̀, ata ni ó sì ń ṣáájú. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó tẹ̀ lé mi ni ó ń gbé tàtàsé, tòmátò, ata rodo àti àlùbọ́sà lọ síbi ẹ̀rọ alọta, nítorí ẹni tí ó bá lọ ní ọjọ́ 24 yóò bá ìlà tí ó gùn dé títì. A ó sè é lórí iná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, a ó dín in nínú òróró, a ó sì gbé e pamọ́ sínú yìnyín. Ìdajì ọbẹ̀ ti parí nígbà náà, kò sì sẹ́ni tí ó rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 ni à ń pa ẹyẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fojú rí ẹ̀jẹ̀ lè gbé tirẹ̀ lọ sí ọjà, níbi tí wọn yóò ti bá a pa á, tu ìyẹ́ rẹ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọn yóò sì gé e fún owó díẹ̀. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń pa tiwa. Ẹran tútù ní ọ̀bẹ àti pákó tirẹ̀. Ohun tí a bá fi gé e kò gbọdọ̀ kan ohun tí a ó jẹ ní tútù. Lẹ́yìn èyí, iyọ̀, àlùbọ́sà, atalẹ̀, áyù, táìmù, kọ́rì àti ata gígún díẹ̀. Ẹ má ṣe bu omi sí i ní kíákíá. Ẹ jẹ́ kí ẹran fi omi ara rẹ̀ sè fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lábẹ́ ọmọrí, kí èròjà lè wọ inú rẹ̀, kí ẹ tó da omi sí i. Itan àti ẹsẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ẹran àyà yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Akọ tí ó gbó lè lo wákàtí kan àbọ̀ lórí iná, nígbà tí tọ́kì inú fírísà kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 40. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún itan níbi tí ó nípọn jù: bí omi tí ó jáde bá mọ́ tí kò pupa, ó ti jinná. Omi ẹran yẹn, ẹ má dà á nù o. Òun ni ìrẹsì ń retí.

Ibi tí ilé ti ń ṣòfò, tí àlejò ti ń fi ikùn dídà lọ sílé, ni alẹ́ tí ó tẹ̀ lé èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, àti pé láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Ooru ilé ìdáná wa ní oṣù Ọ̀pẹ wà láàárín méjèèjì, kódà pẹ̀lú ọyẹ́. Gbígbé ìkòkò kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, dára ju àìṣe nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n n kò gbára lé e fún ẹran tí èèyàn 24 yóò jẹ. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó tẹ́ ẹran náà sórí àwọn àwo pẹrẹsẹ, a ó bu omi ẹran sínú abọ́ kéékèèké, nítorí ìkòkò ńlá kì í tètè tutù, a ó sì jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí wọn. Kí wákàtí kan tó pé, wọn yóò ti wọ inú ọ̀rá, ọ̀rá yóò sì wọ inú kúlà tí a to omi inú ọ̀rá dídì sí nísàlẹ̀ àti lókè. Píọ̀ wọ́tà dídì báàgì kan àbọ̀ ni à ń rà. Kò wọ́n, kò sì mọ̀ bóyá NEPA mú iná lọ.

Ọjọ́ 24, dídín. Àbúrò mi ọkùnrin kékeré ni ó ń dín in. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan bá a lẹ́nu rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ọmọ òde òní ti ba àṣà jẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ṣebí ọkùnrin ló ń pa ẹran, ọkùnrin ló ń kun ún lágboolé. Dídín tó kù yìí ò jìnnà síbẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí wọ́n bu apá kan wá kí àwọn tọ́ ọ wò. Ìwé kan wà lára ògiri ilé ìdáná wa tí ó ní orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀, láti orí pípọn omi dé orí gbígbá ilẹ̀; ẹni tí kò bá sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kì í wọ ibẹ̀. Mọ́ínmọ́ín kò sí lórí ìwé náà. Ìyá kan ní àdúgbò tí ń tà á ni à ń fún níṣẹ́, nítorí n kò rí ẹ̀bùn tí ó wà nínú kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n ewé 30 ní òru ọdún. Sálàdì náà kò sí. Oúnjẹ tútù tí a fi máyọ̀ sí nínú ooru yẹn, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kí ó lọ jẹ ẹ́ nílé rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ 25 bá fi mọ́, ìrẹsì àti dòdò nìkan ni ó kù. Kílò 3 ìrẹsì, omi ẹran tí a mú hó, ata tí ó ti wà nílẹ̀. Ẹran yóò wọ inú ọbẹ̀, yóò sì hó dáadáa. Kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò tó. A ti ka ẹran, a ti pín in sínú abọ́ kí àlejò kankan tó kan ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tí ó ń pín ẹran lójú àlejò ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹjọ́. Ọ̀ràn iwe ni ó le jù. Ẹyọ kan ni tòlótòló ní, àgbà ọkùnrin tí ń wo ọ̀nà rẹ̀ kò sì dín ní márùn-ún. Màmá mi ni a gbé e fún. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀mẹta ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn láti lọ wo ìkòkò, lẹ́ẹ̀mẹta ni àbúrò mi obìnrin sì dá wọn padà: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó.” Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n ń jẹ itan, wọ́n ń bá àǹtí mi láti Ìbàdàn jà lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn kò tilẹ̀ fẹ́ràn ọrùn rí.

Abọ́ mẹ́rin ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí kí àlejò tó dé. Abọ́ wọn ni, tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa láti Ìléyá nígbà tí wọ́n fi ẹran àgbò ránṣẹ́. Kò bójú mu kí abọ́ padà ní òfìfo. Egungun àti ọrùn ń wọ ìkòkò ata gbígbóná ní ọjọ́ 26, pẹ̀lú efinrin àti atalẹ̀, fún àwọn tí ó sùn mọ́jú. Ìkòkò ńlá méjì yẹn, àwọn tí ó jẹ ẹran inú rẹ̀ tí orúkọ wọn kò sí lára ògiri ni ó ń fọ̀ wọ́n. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó bu omi sí i.